Ohun Tí Nọ́mbà Orí Rìmóòtù AC Ń Sọ, àti Bí Yàrá Ṣe Lè Tutù Láìjẹ́ Kí Yúníìtì Sáré Tán

Ní oṣù kejì sí ìkẹta ọdún, nígbà tí oòrùn Òṣogbo bá mú débi pé páànù orí ilé ń ta pàpà, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wọlé láti Ọ̀láìyá tàbí láti ọjà ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sórí rìmóòtù AC tààrà, á sì tẹ nọ́mbà rẹ̀ wálẹ̀ dé 16. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé 16 á mú yàrá tètè tutù ju 24 lọ. Fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn AC tó wà nílé wa, èrò yẹn kò tọ̀nà, ó sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí yúníìtì tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nọ́mbà yẹn kì í ṣe ìwọ̀n agbára. Ibi ìdúró ni. AC lásán, ìyẹn èyí tí kì í ṣe ínfátà, nǹkan méjì péré ni kọ́ńpírésọ̀ rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí ká inú páìpù rẹ̀, mọ̀ ọ́n ṣe: kó ṣiṣẹ́, tàbí kó sinmi. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, agbára kan náà ló ń lò, ìbáà jẹ́ 16 lẹ tẹ̀ tàbí 26. Ọkọ̀ tó ń lọ Gbọ̀ngán àti èyí tó ń lọ Ìbàdàn láti Òṣogbo, eré kan náà ni wọ́n lè jọ máa sá. Ibi tí wọ́n máa dúró sí ló yàtọ̀. Bí ooru yàrá bá ti lọ sílẹ̀ dé nọ́mbà tí ẹ tẹ̀, kọ́ńpírésọ̀ á dákẹ́, fáànù inú á sì máa fẹ́ lọ. Bí ooru bá tún gòkè díẹ̀, á tún gbéra. Inú àsìkò ìsinmi yẹn gan-an ni owó tí ẹ lè fi pamọ́ wà. Ní ọ̀sán tí ìta bá jẹ́ 34°C, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ò dí dáadáa, AC ò lè dé 16 láéláé. Kò ní sinmi títí ẹ ó fi pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. AC 1.5HP lásán máa ń fa nǹkan bíi wáàtì 1,200 nígbà tí kọ́ńpírésọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ìyẹn yúníìtì 1.2 ní wákàtí kan. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ wákàtí 8. Bí kò bá sinmi rárá, yúníìtì 9.6 ló lọ yẹn. Bí ó bá fi ìdajì òru sinmi, nǹkan bíi yúníìtì 5 ló máa jẹ, tòun ti fáànù inú rẹ̀ tí kì í dákẹ́. Bí a bá fi ₦209.50 ṣe iye yúníìtì kan, iye tí owó Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, dé ní oṣù keje ọdún 2024, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lé ní ₦900 lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín báyìí ṣe ìṣirò tiyín, ẹ ó rí i pé kì í ṣe owó tó yẹ kéèyàn fojú fò.

AC ínfátà yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé AC tí wọ́n ṣe fún bátìrì àti sólà ni, ṣùgbọ́n ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kọ́ńpírésọ̀ rẹ̀ lè yí eré rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe kó kàn tàn kó kú. Nígbà tí yàrá bá gbóná gan-an, á sá eré tete. Bó bá ti ń sún mọ́ nọ́mbà tí ẹ tẹ̀, á dẹ eré, ibi tó ti dẹ eré yẹn ló ti ń fi iná pamọ́. Ẹni tó ra AC ínfátà ní owó iyebíye tó wá ń fi sí 16 lójoojúmọ́ kò jẹ́ kó dẹ eré rí. Kò sì sàn kéèyàn máa tan ínfátà, kó pa á, kó tún tan án ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú. Bí ẹ bá máa wà nínú yàrá fún wákàtí mẹ́ta, ẹ fi sí 25 tàbí 26, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó máa rọra lọ.

Ní Íńdíà, láti oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba pa á láṣẹ pé AC yàrá tó bá ní àmì ìràwọ̀ lára, ìyẹn àmì tó ń fi bó ṣe ń ṣọ́ iná lò hàn, gbọ́dọ̀ ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú 24°C gẹ́gẹ́ bí nọ́mbà ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó lè yí i padà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀. Ooru ibẹ̀ kò sì kéré sí ti ibí.

Ibi tí AC ti ń wọn ooru

Èèyàn lè tẹ 24 kó ṣì máa làágùn lórí ibùsùn, kó wá rò pé AC ń parọ́. Ohun tó ń wọn ooru, tí àwọn oníṣẹ́ AC ń pè ní sẹ́ńsọ̀, wà nínú AC fúnra rẹ̀, lẹ́yìn fíltà, ìyẹn àwọ̀n tó ń dá eruku dúró, níbi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Ìyẹn wà lókè lọ́hùn-ún nítòsí àjà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa gòkè, èyí tó tutù a máa wálẹ̀, nítorí náà ohun tó ń wọ̀n kì í ṣe ooru ibi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí. Ohun mìíràn tún máa ń ṣẹlẹ̀: bí kọ́tìnnì tàbí orí kọ́bọ́ọ̀dù bá dí iwájú AC, afẹ́fẹ́ tútù á ta padà sínú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á gbà pé yàrá ti tutù, kọ́ńpírésọ̀ á sì dákẹ́ nígbà tí ooru ṣì ń mú yín. Ẹ jẹ́ kí iwájú rẹ̀ ṣófo, kí ààyè tó tó sẹ̀ǹtímítà 15 sì wà láàárín orí rẹ̀ àti àjà.

Tẹmómítà kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri kò wọ́n, ó sì wúlò ju àròsọ lọ. Ẹ gbé e síbi tó bá orí ibùsùn dọ́gba, kí atẹ́gùn AC má fẹ́ lù ú tààrà. Ẹ tan AC sí 24, ẹ ti yàrá pa, ẹ dúró fún wákàtí kan. Bí tẹmómítà bá ń ka 26, ẹ ti mọ̀ pé ìyàtọ̀ 2 wà nínú yàrá yẹn, ìyẹn ni pé ẹni tó bá fẹ́ 25 níbi ibùsùn gbọ́dọ̀ tẹ 23. Yàrá mìíràn nínú ilé kan náà lè má ní ìyàtọ̀ kankan. Ìdí nìyí tí nọ́mbà tí ọ̀rẹ́ yín ń lò nílé tirẹ̀ kò fi lè jẹ́ òfin fún yín.

Àwọn rìmóòtù kan ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ I FEEL tàbí FOLLOW ME sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, rìmóòtù ni yóò máa wọn ooru, á sì máa ránṣẹ́ sí AC. Ó dára gan-an, bí ẹ bá gbé rìmóòtù sí ẹ̀gbẹ́ yín, tí kò sí ohun tó dí i láàárín òun àti AC. Bó bá wà lábẹ́ ìrọ̀rí, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n tàbí níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ooru èké ni yóò máa ròyìn, AC á sì máa ṣiṣẹ́ kíkankíkan láìnídìí.

Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́

Fún yàrá tó ti gbóná láti ọ̀sán, ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 bí ìta bá ti tutù ju inú lọ, kí ooru tó ti kóra jọ jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ti gbogbo rẹ̀ pa. Ẹ fi AC sí COOL, nọ́mbà sí 25 tàbí 26, fáànù AC sí HIGH. Ẹ tan fáànù àjà sí 1 tàbí 2. Ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ooru bá ṣì ń mú yín, ẹ dín nọ́mbà kan péré kù, kí ẹ tún dúró.

Ìdúró yẹn ló máa ń ṣòro. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú yàrá nìkan ni AC ní láti mú tutù. Ògiri búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ oníkankéré, ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ti ń mu ooru láti aago mẹ́wàá àárọ̀, wọn á sì máa tú u jáde fún wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tí ẹ tan AC. Èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn lára ògiri ilé, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án ní aago méje alẹ́, ó ṣì máa ń móoru. Ẹni tó ń sáré dín nọ́mbà kù ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún kò lè mọ èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ògiri bá tutù tán, òtútù á jí i ní aago mẹ́ta òru, á wá fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí.

Bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí AC lásán tètè mú yàrá tutù ni ti fáànù. HIGH ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá lára páìpù tútù inú rẹ̀ láàárín àsìkò kúkúrú. Bí yàrá bá ti rọlẹ̀, ẹ lè dín in kù sí LOW tàbí AUTO.

Àwọn kan gbà pé fáànù àjà àti AC kì í jọ ṣiṣẹ́, pé fáànù ń lé òtútù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀, àfi bí fèrèsé bá ṣí sílẹ̀. Fáànù àjà ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 70, AC ń jẹ 1,200. Afẹ́fẹ́ tó ń lọ lára ń gbẹ òógùn, ara á sì rò pé ibẹ̀ tutù ju bó ṣe wà lọ, tó fi jẹ́ pé 26 tàbí 27 pẹ̀lú fáànù lè tẹ́ni lọ́rùn bíi 24 láìsí i. Ṣùgbọ́n ara èèyàn ni fáànù ń tù, kò mú yàrá tutù. Bí ẹ bá jáde, ẹ pa á.

Abẹ́bẹ̀ kéékèèké tó wà lẹ́nu AC, ẹ gbé e sókè díẹ̀ kó máa fẹ́ gba abẹ́ àjà lọ. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, á fúnra rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ káàkiri yàrá. Bí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí ibùsùn, ẹnì kan á máa gbọ̀n nígbà tí ẹni tó wà ní igun yòókù ń làágùn.

Ní òru, SLEEP wúlò. Nínú ọ̀pọ̀ AC, ó máa ń fi 1°C kún nọ́mbà lẹ́yìn wákàtí kan, á tún fi 1 kún un lẹ́yìn wákàtí kejì, torí ara tó ti sùn kò nílò òtútù tó tó ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. TIMER náà dára: ẹ jẹ́ kó pa ara rẹ̀ ní aago márùn-ún àárọ̀. Yàrá tó dí dáadáa á ṣì tutù di aago mẹ́fà.

COOL, DRY, FAN, AUTO, HEAT

Bọ́tìnnì MODE ló ń yí àwọn wọ̀nyí padà, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Àmì yìnyín ni COOL. Àmì ẹ̀kán omi ni DRY. FAN jẹ́ àmì abẹ́bẹ̀: kọ́ńpírésọ̀ ò ní ṣiṣẹ́ rárá, afẹ́fẹ́ yàrá yẹn náà ni yóò kàn máa fẹ́ yíká. AUTO ń yàn fúnra rẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ AC kì í sì í gbà kí ẹ yan nọ́mbà bó ṣe wù yín, nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ yúníìtì, ẹ má lò ó.

Àmì oòrùn ni HEAT. Kì í ṣe gbogbo AC ló ní i, ṣùgbọ́n nínú èyí tó bá ní i, ooru ni yóò máa tú sínú yàrá. Ọmọdé lè fi rìmóòtù ṣeré kó tẹ̀ ẹ́ débẹ̀ láìmọ̀. Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ pé gáàsì ti tán, ẹ wo ojú rìmóòtù ná: ṣé yìnyín wà níbẹ̀? Ṣé nọ́mbà tó wà níbẹ̀ kéré sí ooru yàrá? Bí yàrá bá jẹ́ 28 tí ẹ sì tẹ 30, AC ò ní tutù, kò sì sí ohun tó ṣe é.

DRY yẹ fún oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò ò bá dá. Ní àsìkò yẹn, tẹmómítà lè máa ka 26, kì í sì í ṣe ooru ló ń ni èèyàn lára bí kò ṣe ọ̀rinrin: aṣọ inú kọ́bọ́ọ̀dù ń rùn, bẹ́ẹ̀dì ń lẹ̀ mọ́ ara. Ní ìsàlẹ̀ ìlú, nítòsí odò Ọ̀ṣun, ó tún máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. DRY á jẹ́ kí fáànù rọra fẹ́, kọ́ńpírésọ̀ á ṣiṣẹ́ díẹ̀ á sinmi díẹ̀, omi inú afẹ́fẹ́ á máa dì mọ́ páìpù tútù, á sì máa ṣàn jáde. Iná tó ń jẹ kéré sí ti COOL. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi DRY kojú ọ̀sán oṣù kẹta pẹ̀lú èrò pé òun ń ṣọ́wó ná. Kò lágbára tó lè mú irú ooru bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà ọyẹ́ náà, ẹ fi DRY sílẹ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń bẹ́. Ẹ ò nílò ohun tó máa tún un gbẹ. Òru ọyẹ́ gan-an, fáànù nìkan tó.

Ibi tí ooru ń gbà wọlé

AC kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ló ń kó láti inú yàrá lọ síta. Bí ooru tó ń wọlé bá pọ̀ tó èyí tó ń kó jáde, kò ní sinmi, nọ́mbà yòówù tí ẹ tẹ̀.

Fèrèsé lúfà ló burú jù. Bí ẹ bá ti i pa tán, àárín gíláàsì kan sí èkejì ṣì wà ní ṣíṣí. Ilé àtijọ́ tó ní lúfà pọ̀ nígboro Òṣogbo. Bí ẹ ò bá tíì lówó fèrèsé onígíláàsì tó ń sún lọ sún bọ̀, náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara tí ẹ lẹ̀ mọ́ férémù láti inú, yíká yíká, á ṣe iṣẹ́ ńlá fún owó kékeré. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ tí ẹ lè tètè ká kúrò, torí yàrá gbọ́dọ̀ lè mí ní ọ̀sán, ẹ má sì jẹ́ kí ó dí ojú ọ̀nà àbájáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Abẹ́ ilẹ̀kùn náà ńkọ́? Afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo ń ṣàn gba ibẹ̀ lọ sí kọ́rídọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọ̀. Aṣọ àtijọ́ tí ẹ ká bíi òṣùká gígùn tó láti dí i.

Fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ fa kọ́tìnnì tó nípọn bò ó láti aago kan ọ̀sán, kí oòrùn tó débẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná tán, ó ti pẹ́ jù. Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lábẹ́ páànù, tí kò ní àjà tó dára, nílò AC tó tóbi ju èyí tí yàrá ìsàlẹ̀ nílò lọ. Ohun tó wà nínú yàrá náà ṣe pàtàkì. Èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú ooru tó tó nǹkan bíi wáàtì 100 jáde. Fírísà tí ẹ fi ń ta omi tútù, bó bá wà nínú pálọ̀ tí AC wà, ooru tó ń yọ kúrò lára omi yẹn inú pálọ̀ náà ló ń dà á sí, AC á wá máa kó o jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń sanwó ohun kan náà.

Ní ti ìwọ̀n AC, yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 ní ìsàlẹ̀ ilé, 1HP tó o, ìyẹn 9,000 BTU (ìwọ̀n ooru tó lè kó jáde ní wákàtí kan). Èyí tó tó 15 sí 15 nílò 1.5HP, 12,000 BTU. Kí ẹ má rò pé èyí tó tóbi jù ló dára jù. 2HP nínú yàrá kékeré á mú un tutù kíá, á dákẹ́ kíá, kò sì ní ráàyè fa ọ̀rinrin jáde. Yàrá á tutù, ara á sì máa lẹ̀.

Fíltà, kí ẹ tó dárúkọ gáàsì

Fíltà tó dí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀sùn pé AC ò tutù mọ́. Lásìkò ọyẹ́, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku pọ̀ débi pé ó yẹ kí ẹ fọ̀ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní ìgbà yòókù, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó. Ẹ pa AC, ẹ sì yọ ọ́ lára iná. Ẹ gbé ìdérí iwájú sókè láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ rọra ti fíltà sókè díẹ̀ kó kúrò níbi tó kọ́ sí, kí ẹ tó fà á wálẹ̀. Omi lásán tàbí ọṣẹ díẹ̀, omi tó ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni ó pọ̀ jù, kì í ṣe gbígbóná, torí ike rẹ̀ á yí. Ẹyìn rẹ̀ ni kí ẹ ti da omi sí i, kí eruku má baà wọnú àwọ̀n lọ. Ẹ sá a sí abẹ́ ibòji kó gbẹ tán pátápátá kí ẹ tó dá a padà.

Bí ẹ ò bá fọ̀ ọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa kọjá lára páìpù tútù. Páìpù yẹn á tutù jù, omi tó wà lára rẹ̀ á di yìnyín. Yìnyín á dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó kù. Bí kọ́ńpírésọ̀ bá wá dákẹ́, yìnyín á yọ́, omi á máa kán sórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá rí yìnyín, ẹ fi AC sí FAN fún wákàtí kan tàbí méjì kó yọ́, ẹ fọ fíltà, kí ẹ tó tún tan COOL. Omi tó ń kán láìsí yìnyín sábà máa ń jẹ́ pé rọ́bà tí omi ń gbà jáde ti dí, tàbí pé ó yí gòkè níbì kan.

Gáàsì wàyí. Gáàsì AC kì í ṣe epo, kì í jó tán. Inú páìpù tó dí pa ló ń yí ká, ó sì lè wà níbẹ̀ títí AC á fi gbó. Bó bá dín, ó ń jò ni, ó sì sábà máa ń jẹ́ níbi ìsopọ̀ páìpù ìta. Oníṣẹ́ tó kàn dé, tó rọ gáàsì sí i, tó gbowó, tó lọ, ẹ máa tún pè é láìpẹ́. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó fi ìfóòfóò ọṣẹ wá ibi tó ń jò, kó tún un ṣe, kó fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin jáde nínú páìpù, kó wá fi òṣùwọ̀n wọn gáàsì sí i. Irú gáàsì àti ìwọ̀n rẹ̀ wà lára sítíkà tó wà ní ara ẹ̀rọ ìta. R22 ni AC àtijọ́ ń lò, èyí tí àgbáyé ti ń mú kúrò nílẹ̀ nítorí pé ó ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ìpele afẹ́fẹ́ òkè tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. R410A àti R32 ló wà nínú tuntun. A kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, torí ìfúnpá wọn àti òróró tó ń bá wọn rìn yàtọ̀. R32 lè gbiná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nídìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u.

Ẹ̀rọ ìta náà ń fẹ́ mí. Ẹ má kó igi ìdáná tàbí ike òfìfo tì í, ẹ má sì fi irin olójú kékeré há a mọ́ torí olè débi tí afẹ́fẹ́ gbígbóná á fi máa padà sínú rẹ̀.

Iná tó rẹlẹ̀

Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, síbẹ̀ iná ṣì máa ń rẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú yìí láti aago méje alẹ́. Ibùdó yẹn ń pín iná ńlá. Ohun tó ń mú tiwa rẹlẹ̀ wà nítòsí, lára tiransifọ́mà tí ilé tó so mọ́ ọn ti pọ̀ jù, àti wáyà tó gùn jù kó tó délé yín. AC ń fẹ́ nǹkan bíi fólítì 220 sí 240, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí iná fi ń wọlé. Bó bá wálẹ̀ dé nǹkan bíi 170, kọ́ńpírésọ̀ lásán lè máà lè gbéra: á kùn hùùù, á gbóná, á dákẹ́, á tún gbìyànjú. Bó ṣe ń jóná nìyẹn. Bí ẹ bá gbọ́ irú kíkùn bẹ́ẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró kí iná gbé sókè.

Sítébíláísà ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tó tóbi tó: iná tí kọ́ńpírésọ̀ lásán ń fà nígbà tó bá ń gbéra jẹ́ ìlọ́po èyí tó ń fà lẹ́yìn náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé sítébíláísà kì í dá iná. Láti sọ 170 di 220, ó ní láti fa kọ́réǹtì púpọ̀ sí i láti ara wáyà ilé. Bí wáyà bá tín-ín-rín, òun náà á gbóná. Wáyà AC 1HP àti 1.5HP kò gbọ́dọ̀ kéré sí 2.5mm, ti 2HP sì jẹ́ 4mm, kí bírékà tirẹ̀ sì dá dúró.

Nígbà tí iná bá lọ tó sì padà dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ìfúnpá inú páìpù gbọ́dọ̀ dọ́gba kí kọ́ńpírésọ̀ tó tún gbéra. Ọ̀pọ̀ AC tuntun ń dúró fúnra wọn, nítorí náà títẹ rìmóòtù léraléra kò ní mú un yá. Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ibi tí yúníìtì wọn gbà: ọ̀pọ̀ AC tuntun máa ń rántí pé òun wà ní títàn nígbà tí iná lọ. Bí ẹ bá jáde lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí kò síná, tí iná sì dé ní aago mẹ́wàá, á tan ara rẹ̀, á sì máa mú yàrá òfìfo tutù títí ẹ ó fi dé. Ìdí ògiri ni kí ẹ ti pa á kí ẹ tó jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí gbogbo èyí ń mú wá nílé tiyín, ẹ jẹ́ kí mítà sọ ọ́. Ní òru mẹ́ta, ẹ fi AC sí 22, ẹ kọ yúníìtì tó kù sílẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹ tún kọ ọ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ní òru mẹ́ta mìíràn, ẹ fi sí 26 pẹ̀lú fáànù àjà. Ohun yòókù nínú ilé kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀: fíríìjì tó wà lórí iná kó wà níbẹ̀, ẹ má lọ aṣọ lóru, bí iná bá sì lọ ní òru kan, ẹ má ka òru yẹn mọ́ ọn. Bí iye yúníìtì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, AC ò dé 26 rárá, kò sì sinmi. Ẹ kọ́kọ́ wo fíltà. Lẹ́yìn ìyẹn, fèrèsé àti abẹ́ ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà àyíká ẹ̀rọ ìta. Bí gbogbo ìyẹn bá dára, ìgbà yẹn ló tó pe oníṣẹ́ kó wá yẹ gáàsì wò.